Ìyá Tí Wọ́n Pa Nítorí Intafíù

Ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ni ìyá wa ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń yẹ báàgì àwọn tó ń jáde wò. Ṣí-i-kí-n-rí-i ni àwọn oníbàárà ń pè é, kò sì bínú sí i. Bó bá délé, iṣẹ́ ò tíì tán. Bí súgà bá fi díẹ̀ dín nínú agolo, gbogbo wa la máa jẹ́jọ́.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ara fu ìyá wa. Àbúrò mi fẹ́ gba oyè kejì nínú iṣẹ́ fíìmù ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń lé ilé-ẹ̀kọ́ yìí, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì fẹ́ fi kọ̀ǹpútà fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà á. Ó ní òun ń múra sílẹ̀ ni. Ìyá wa ní irú ìmúra wo ni wọ́n ń tilẹ̀kùn ṣe? Ó bọ́ bàtà, ó yọ́ lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo tẹ̀ lé e, nítorí èmi náà fẹ́ gbọ́.

Nínú lọ́hùn-ún, àbúrò mi ń bá dígí sọ̀rọ̀. "Bí mo ṣe sọ ọ́ nínú fíìmù tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, ọjọ́ tí ìyá mi kú ni mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà."

Ìyá wa ò pariwo. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ló pa mí?"

Àbúrò mi ń wo ilẹ̀.

"Mo ní kí ló pa mí? Ṣé wọn ò ní bi ọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Gbogbo àwọn tí wọ́n ń gbà ló ní ìbànújẹ́ kan tí wọ́n ń sọ. Èmi ò ní nǹkan kan."

"Èmi lo wá rí pa."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ nígbà tí mo wo ojú ìyá wa, mo gbé e mì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

"Bó o bá tún pa mí níwájú wọn lọ́la, má pè mí ní ìyá mọ́," ló wí, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá wa tún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn olùkọ́ náà kí àbúrò mi kú ará fẹ́ra kù.

"Ìyá mi ò kú," ló wí. "Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí ló wà."

Wọ́n ní kó wọlé. Ìyá wa fọwọ́ tún irun ṣe, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló wà níbẹ̀. Obìnrin náà wò ó bí ìyá wa ṣe máa ń wo báàgì tó bá wú jù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí la máa fi mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí i?"

Inú bí ìyá wa, ojú sì tì í. Ó sọ ọjọ́ tó bí àbúrò mi, ó sọ ibi tí àpá ẹ̀yìn rẹ̀ wà.

"Ẹnikẹ́ni ló lè há ìyẹn sórí, mà," ni ọkùnrin náà wí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́.

Mo fẹ́ dá sí i, àmọ́ wọ́n á ní ta lèmi náà. Ìyá wa yíjú sí àbúrò mi.

"Sọ fún wọn."

"Màámi nìyí," ló wí. "Màámi gan-an nìyí."

Àwọn olùkọ́ náà wo ara wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa àti àbúrò mi. Ká ní ibi tí wọ́n wà ni mo wà, èmi náà ò ní gbà á gbọ́.