Ìgò Ìgbà Òtútù Láti Òkun Yìnyín

Obìnrin náà kì í mí sí ẹnu ìgò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti fi ń wọn omi òkun yìnyín ní yàrá ìwádìí. Bí ó bá ti ṣí ìdérí kan, a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì dá èémí dúró títí yóò fi ro oògùn sínú ìgò náà tán. Èémí ènìyàn kún fún kábọ́nì, afẹ́fẹ́ kan náà tí èéfín iná ń tú sójú ọ̀run. Ẹni tí ó bá sì ń wá kábọ́nì inú òkun kò gbọdọ̀ fi ti ẹnu ara rẹ̀ lé e. Ìyá Onígò ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Ẹ̀rín kò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ìgò fún un yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò sin ín délé.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni atukọ̀ àgbà kan ń gbé omi wá fún un láti ìpẹ̀kun ayé: ìgbà tí oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀, àti ìgbà òtútù, tí kì í là rárá. Ìgò mẹ́ta ni ó ń fà níbi kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ìyá mẹ́ta. A ó fi òróró lílẹ̀ dí ẹnu wọn pinpin, a ó sì fi oògùn pa ohun abẹ̀mí wínníwínní tí ó wà nínú wọn, kí wọ́n má baà máa mí lọ.

Àwọn ìgò yìí ni ó kọ́ ọ pé òkun pẹ̀lú ń mí. Nígbà oòrùn, ewéko inú omi tí ojú lásán kò lè rí a máa jẹ kábọ́nì, wọn a sì máa tu ọ́síjìn jáde. Òkun a wá fa kábọ́nì wọlé láti ojú ọ̀run, a sì fi ọ́síjìn ṣe pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí òkùnkùn bá dé tí ìjì sì ru omi sókè, omi ìsàlẹ̀ tí kò fojú kan ọ̀run láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún a gòkè wá. Kábọ́nì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ebi ọ́síjìn sì ń pa á. Níbi tí yìnyín bá ti bò ó, bí ìkòkò tí a dé ni. Níbi tí ojú rẹ̀ bá ti là, a tu kábọ́nì sójú ọ̀run, a sì máa gbé ọ́síjìn mì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọkọ Ìyá Onígò ti kú. Àbúrò ọkọ náà ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀gá lé e lórí. Ọ̀gá yìí ti dúró níwájú èrò, ó ti sọ pé tọ̀jò tẹ̀ẹ̀rùn ni òkun yìnyín ń gbé èéfín wa mì. Àwọn ìgò ìgbà òtútù sọ pé irọ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá mú ìwé kan wọ yàrá ìwádìí.

"Ìyàwó wa, bọwọ́ lù ú níbí."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Pé o ò ṣọ́ra, afẹ́fẹ́ wọ àwọn ìgò ìgbà òtútù lọ́wọ́ ẹ. A ó dà wọ́n nù, wàá sì fẹ̀yìn tì jẹ́jẹ́."

"Ọ̀gá, ọkọ mi ni yín nílé. Nínú yàrá yìí, èmi ni mò ń wọn omi. Ẹ má pò wọ́n pọ̀."

"Ẹnu ẹ ti mú jù. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi wà láyé ni…"

"Ẹ jẹ́ kó sinmi. Kò fọwọ́ kan ìgò rí."

Atukọ̀, tí ó gbé àpótí dúró lẹ́nu ọ̀nà, wú ikọ́. "Ọ̀gá, èmi náà ńkọ́? Ọwọ́ mi ló fa omi yẹn. Ìgbì gbá mi lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgò kan ò fọ́."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀? Òkun ni ọ́fíìsì ẹ."

"Òótọ́ ni. Wọn kì í fìwé irọ́ ránṣẹ́ níbẹ̀."

Ìyá Onígò tún ìwé náà kà. Bí ó bá bọwọ́ lù ú, kì í ṣe ìgò ọdún yìí nìkan ni yóò dànù. Gbogbo ayé yóò béèrè èwo tún ni ó bàjẹ́ nínú ti ọdún mọ́kàndínlógún, orúkọ rẹ̀ yóò sì di ohun tí a fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọṣẹ́.

"Ẹ ní afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́," ni ó wí. "Báwo ni ọ́síjìn inú ẹ̀ ṣe rí?"

"Ó kéré jọjọ. Ìdí tí mo fi ní ó bàjẹ́ nìyẹn."

"Kábọ́nì ńkọ́?"

"Ó pọ̀ jù."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ọ́síjìn ni afẹ́fẹ́ ń rù wọlé. Àlejò ru oúnjẹ wọlé, ebi wá ń pa onílé sí i? Ibo lẹ ti gbọ́ ọ rí?"

Ojú ọ̀gá le. "Ìwé ni mo kà ní tèmi, mi ò fọ ìgò."

"Ó hàn. Òfin ilé iṣẹ́ yìí ni pé a kì í da ìgò nù láìdán ọmọ ìyá ẹ̀ wò. Ó ku méjì nílẹ̀ nínú mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká lọ sí yàrá òtútù."

"Gbé e wá sí ọ́fíìsì mi. Mi ò lè gbọ̀n bí adìyẹ òjò pa."

"Kí omi lè móoru, kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ sá jáde? Omi tútù ló ń di afẹ́fẹ́ mú. Bí òtútù bá ń mú yín, ẹ gba ẹ̀wù mi."

Ọ̀gá kò gba ẹ̀wù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá òtútù, èémí wọn ń rú bí èéfín. Ìyá Onígò fi ìgò kan sílẹ̀ ní dídí. Ó ṣí èkejì, ó ń dà á láti inú ife ẹlẹ́nu gbòòrò kan sí òmíràn ní ogún ìgbà, kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí èyí tí a dí, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ro oògùn tí ń fi ọ́síjìn hàn sí díẹ̀ nínú omi méjèèjì. Àwọ̀ èyí tí a dí ṣì fẹ́rẹ́, bíi tíì tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí a ṣí ṣú, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí irin tí ó dípẹtà. Ó fi ẹ̀rọ wọn kábọ́nì nínú omi tí ó ṣẹ́ kù: ti ìgò tí a ṣí ti dín kù.

"Èyí tí ọ́síjìn bá pọ̀ nínú ẹ̀ ló ń ṣú," ni ó wí. "Ká ní afẹ́fẹ́ wọ àwọn yòókù lọ́wọ́ mi ni, bí wọn ì bá ṣe rí nìyí. Èyí tí a dí yìí ló jọ ìgò tí ẹ ní ó bàjẹ́: afẹ́fẹ́ ò kàn án rí."

Atukọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, bóyá kí ẹ fúnra yín bọwọ́ lùwé ọ̀hún."

Ọ̀gá kò wo atukọ̀. "O dójú tì mí lójú ẹni tó ń gbẹ́rù. Má ṣe tẹ ilé bàbá wa mọ́. Àwọn àwòrán ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́wọ́ ẹ, mà á rán èèyàn wá kó wọn."

"Ẹ rán ẹni tí orúnkún ẹ̀ le. Òkè kẹrin ni mò ń gbé, àtẹ̀gùn ibẹ̀ ò dáa."

Ọ̀gá fa ilẹ̀kùn yàrá gbàgà. Ìyá Onígò jókòó, ó kọ àbájáde ìdánwò náà sílẹ̀, atukọ̀ sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìyá Onígò fúnra rẹ̀ ni ó gbé e lọ bá Alága ilé iṣẹ́. Bàbá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé èyí tako ohun tí ọ̀gá yín ti sọ fún aráyé?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kò ní í gbàgbé o. Ẹ ó sì jọ máa ṣiṣẹ́."

"Kò pọn dandan kó fẹ́ràn mi, sà. Kó má ṣáà ti da omi mi nù."

Alága lu òǹtẹ̀ ìwé náà, àbájáde ìgbà òtútù sì wọlé sí ìròyìn ọdún náà láìdín kan. Ọdún márùn-ún gbáko ni Ìyá Onígò àti àbúrò ọkọ rẹ̀ tún fi wà lábẹ́ òrùlé kan náà títí obìnrin náà fi fẹ̀yìn tì. Wọn kò kí ara wọn lẹ́ẹ̀kan.