Ewé Akòko ní Ọgbà Igi Òkè-Ìlá

Ẹ fà mọ́ra, ẹ jókòó kí ìdí ó balẹ̀. Ẹni tí iṣu bá wà lẹ́nu rẹ̀, kó gbé e mì ná, kí ẹ̀rín má baà fún un lọ́rùn.

Oyè Bàbá Ẹgbẹ́ wa ní Ìlá ló ṣófo. Bàbá Ràfíù ń du ú, Bàbá Dúpẹ́ ń du ú, wọn kò sì kí ara wọn mọ́. Mo ní kí n mú wọn rìn jáde, bóyá ìjà á rọ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a wọ kòròpé lọ sí Òkè-Ìlá, èmi láàárín wọn bí ògiri.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ sún mọ́ ara yín, ó ku èèyàn kan,” ni awakọ̀ wí.

“Kí n sún mọ́ ta ni?” ni Bàbá Ràfíù dáhùn. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

A jẹ iṣu sísun àti epo, a wọ ọgbà igi. Igi oríṣiríṣi ni wọ́n kó jọ síbẹ̀. Wọn kì í gé e, wọn kì í fi dáná, kí ojú ṣáà rí i ni. Nílé wa, ẹni tó bá ń kọjá níwájú ìrókò a kí i. Níbí, ńṣe ni wọ́n ń wọn ìbàdí rẹ̀ bí aránṣọ.

Ọmọbìnrin tó ń fi igi hàn wá, ọmọ Kàlàbà ni, kò mọ àṣà wa. Oòrùn mú, Bàbá Dúpẹ́ sì gbàgbé fìlà sílé, orí rẹ̀ ń dán bí àwo. Àánú ṣe ọmọ náà. Ó já ewé igi tó wà nítòsí, ó tẹ́ ẹ lé bàbá lórí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Oòrùn ti pọ̀ jù.”

Yéè! Akòko ni, ewé tí a fi ń joyè! Bó bá ti kan orí, kò tún sí yíyọ. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. “Oyè á mọ́rí o!”

Bàbá Ràfíù ké: “Yọ ọ́! Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fi ọ́ jẹ afọbajẹ?”

“Ẹ má bínú sà. Ṣé kí n fi sí tiyín náà?”

Wéré, Bàbá Ràfíù ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀.

“Dìde jàre,” ni Bàbá Dúpẹ́ wí. “Ṣé oyè kan ń gbé orí méjì ni? Dúró kí n kú ná.”

Nígbà tí a délé, ẹgbẹ́ bi mí bóyá ewé náà kan orí lóòótọ́. Mo ní ó kan orí, kò sí irun tó dí i lọ́nà. Ó parí.

Ohun tí ìrìn-àjò náà kọ́ mi ni pé ibi tí èèyàn ti ń wá àlàáfíà, oyè lè wà níbẹ̀. Bàbá Dúpẹ́ jogún ipò. Ọmọ Kàlàbà jogún àkùkọ ńlá tí olóyè tuntun fi ránṣẹ́ sí i. Títí dòní, kò mọ ohun tó ṣe. Bàbá Ràfíù jogún ìdí akòko. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìlá, tí á ṣí orí sílẹ̀ gbayawu, tí á jókòó sábẹ́ igi, tí á máa retí atẹ́gùn tí yóò já ewé lé e lórí.