Téèpù Dúdú Lórí Bọ́tìnnì Jíípù

Ogún ọdún ni Àǹtí Jíà ti ń tú jíà ọkọ̀. Ọwọ́ dúdú fún ọ́ìlì, ẹnu mú ju abẹ lọ. Nínú gbogbo ohun tó ń bàjẹ́ lára mọ́tò, ó ní orí ẹni tó ra á ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Oníbúlọ́ọ̀kù, ọ̀gá tó ń ta búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé ládùúgbò, fúnra rẹ̀ wa jíípù rẹ̀ tuntun wọ ṣọ́ọ̀bù. Dírẹ́bà rẹ̀ jókòó sẹ́yìn bí ẹlẹ́wọ̀n. Àbúrò Àǹtí Jíà ni dírẹ́bà ọ̀hún, ọmọ ìyá rẹ̀.

"Àǹtí, epo tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́ta ló ń lò. Ẹ yẹ jíà yìí wò. Tí kò bá ní àìsàn, a jẹ́ pé àbúrò yín ló ń fa epo mi tà. Kó máa lọ sílé lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò jalè o."

Àǹtí Jíà ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ó yọjú wo inú ọkọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà, bọ́tìnnì róbótó kan tí wọ́n ń yí. Téèpù dúdú lórí rẹ̀, gbagidi.

"Ta ló lẹ èyí?"

"Èmi ni." Oníbúlọ́ọ̀kù gbé àyà sókè. "Ojú Sípọ́ọ̀tù, ojú eré àsápajúdé, ni mo fi í sí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ipò tó ga jù nìyẹn."

Ipò. Àṣé oyè ni.

"Ẹ wọ mọ́tò, ọ̀gá." Ó bó téèpù, ó yí bọ́tìnnì sí ojú tó ń ṣọ́ epo lò. Wọ́n gun òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ́ńjìnnì ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n padà sísàlẹ̀, ó yí i sí Sípọ́ọ̀tù. Òkè kan náà, eré kan náà. Ẹ́ńjìnnì figbe ta.

"Ẹ gbọ́ ọ? Jíà kan náà ni. Bọ́tìnnì yìí kàn ń sọ ìgbà tó máa pààrọ̀ fún un ni. Lẹ́ẹ̀kan, ó tètè pààrọ̀, ẹ́ńjìnnì sinmi. Nísinsìnyí, ó di jíà kékeré mú kí ọkọ̀ lè fò. Igbe yẹn, epo yín ló ń jẹ. Ẹni tó ń sáré ìje ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yin ń fi gbé ìyàwó yín lọ dirun."

Ó yí bọ́tìnnì padà sí ojú tó ń ṣọ́ epo lò kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù. Oníbúlọ́ọ̀kù ò tọrọ àforíjì. Ẹnu rẹ̀ ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí dírẹ́bà, ó lọ jókòó sẹ́yìn.

"Máa wà á lójú tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi bọ́tìnnì sí."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá."

Wọ́n ti ń jáde kí Àǹtí Jíà tó gbóhùn Oníbúlọ́ọ̀kù lójú fèrèsé ọkọ̀:

"Ṣùgbọ́n tá a bá ti dé àdúgbò mi, yí i padà sí Sípọ́ọ̀tù. Kí wọ́n gbọ́ pé mo ti dé."