Bí Japheth Ṣe Fi Ọjọ́ Mẹ́sàn-án To Ẹ̀rọ Géèmù

Japheth Adéníji, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Woolwich, kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní nǹkan. Ó ti lo ogún ọdún ní London, ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ tó wà láàárín Plumstead àti Thamesmead, nítorí náà ó gbà pé ohun tí òun kò bá tíì mọ̀, kò yẹ ní mímọ̀ ni.

Ìtàn kan wà tó máa ń sọ fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáráàjì, tó sì máa ń sọ fún àwọn usher ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàn náà ni pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Ìtirè, kò sí ẹni tó lè na òun nínú géèmù ní gbogbo àdúgbò. Ìyàwó rẹ̀, Ẹwàọlá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti gbọ́ ọ débi pé ó lè máa bá a kà á lọ bí ẹni ń ka Sáàmù.

Ní oṣù kẹta tó kọjá ni ọ̀gá géèmù wa yìí ra ẹ̀rọ géèmù kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí ojú rẹ̀ wà láàárín, tí bọ́tìnì sì wà lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó ń tà á sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá géèmù àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni Japheth. Bó bá ń ṣe ọ̀kan lójúmọ́, yóò ti pé márùndínlọ́gọ́rin kó tó ṣe é tán, ìyẹn bí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì bá gbà fún un.

"Wọ́n ní kò ní wàhálà kankan," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó ń tú páálí rẹ̀ nínú ilé wọn ní Glyndon. "Kéèyàn kàn tàn án ni."

"Ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ ka ìwé tó bá a wá ni, Daddy Tamí?"

"Ìwé kí ni? Èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì." Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Ó tàn án. Gbogbo ohun tó yọ lójú rẹ̀, èdè Ṣáínà ni. Ẹlòmíràn ì bá dúró, kó ronú díẹ̀. Japheth kò ní irú àìlera bẹ́ẹ̀. Ó ń tẹ bọ́tìnì bí ẹni ń gún ata, ìgbà tí yóò fi gbójú sókè, ẹ̀rọ náà ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgboyà rẹ̀ wá kún. Ó rí ọ̀rọ̀ kan, "Format," ó sì pinnu pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n bá òun to àwọn géèmù náà létòlétò. Ẹ̀rọ náà bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ó dá a lójú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kí ó tó ṣẹ́jú, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá géèmù ti re àjò àrèmabọ̀. Lóòótọ́, ibẹ̀ wá wà létòlétò, nítorí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ó pe ọmọ rẹ̀, Tamílọ́rẹ, tó wà ní yunifásítì.

"Daddy, o ti delete gbogbo ẹ̀."

"Mi ò delete nǹkan kan. Mo tò ó ni."

"Okay, o tò ó. Ra card tuntun, màá send video kan sí ẹ. It's not that deep."

Ó ra káàdì tuntun ní Plumstead, irú pélébé tí wọ́n máa ń kó géèmù sí. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún un fi líǹkì ránṣẹ́ tí yóò fi rí àwọn géèmù náà gbà padà. Nínú fídíò Tamílọ́rẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé bọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni kọ̀ǹpútà Ẹwàọlá fi ń kó géèmù sórí káàdì. Fóònù ni Ẹwàọlá fi ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń kí ọkọ rẹ̀ kú iṣẹ́ nígbàkigbà tó bá ń kọjá.

Nígbà tí Japheth wá fi káàdì náà sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní òun kò rí géèmù kankan. Ó yọ ọ́, ó tún fi í síbẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó gbọ́wọ́ lé e, ó gba àdúrà kúkúrú. Kò jọ pé ẹ̀rọ náà ti gba ìhìnrere. Báyìí ló ṣe ń bá a fà á lójoojúmọ́ bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé.

Ní ọ̀sán Sátidé, tó jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Juliana, yà sọ́dọ̀ wọn láti ibi iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ péré ni Juliana dé láti Èkó. Físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló fi wọlé, ó sì ń gbé yàrá kan lẹ́bàá Tavy Bridge ní Thamesmead. Bó bá wá kí wọn, á jẹun, á sùn lórí àga, á dìde, á máa lọ. Japheth ní òtútù ló ń dà á láàmú.

"Kí lò ń fẹ́ atẹ́gùn sí bẹ́ẹ̀ yẹn?" Juliana bi í.

"Géèmù ni, Sister mi. Ẹ máa jẹun, kò lè yé yín."

Juliana gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ìwé ẹ̀ dà?"

Ẹwàọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ìwé náà lábẹ́ tábìlì. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ilé ti dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Juliana wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á ní pẹ̀lẹ́. "Níbi iṣẹ́ wa," ó ní, "bí o ò bá ka ìwé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé arúgbó lórí bẹ́ẹ̀dì, wàá gbé ìyá oníyàá ṣubú ni." Ó ṣí ojú ewé kejì. "Ihò káàdì méjì ló wà. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ ti máa ń wá géèmù. Káàdì àtijọ́ ló ṣì wà ní ìsàlẹ̀, o wá ki tuntun bọ òkè."

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí."

Ó fi káàdì tuntun sí ìsàlẹ̀, ó tàn án. Orin dún. Àwọn géèmù náà jáde wìtìwìtì. Japheth na ọwọ́ pé kí wọ́n fún òun, ṣùgbọ́n Juliana ti kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wá géèmù kan rí, èyí tí ọkọ̀ òfurufú kékeré ti ń yìnbọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí ìdúró. Àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ń sáré. Ó kọjá stage three, ó kọjá stage five, kò tíì kú lẹ́ẹ̀kan.

Ẹwàọlá sún mọ́ wọn. "Auntie Juliana, ẹ̀yin náà máa ń ṣe é ni?"

"Kò sọ fún ẹ? Èmi ni mo máa ń ṣe é. Òun ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù géèmù, tó ń ṣọ́ bóyá màmá wa ń bọ̀. Fìlà ẹ̀ ni mo máa ń dé, torí wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọlé. Mo na gbogbo wọn títí Fàtáì tó ni ṣọ́ọ̀bù fi kọ lẹ́tà J gàdàgbà sára ògiri."

"J náà ni Japheth," Japheth sọ, kò sì pariwo.

"Ìta ni J tìẹ wà."

Ẹwàọlá kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú ti Japheth. Ohun tó burú ni pé kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́: ó ti sọ ìtàn náà pẹ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ ti ń rí ara rẹ̀ lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àfi bó ṣe gbọ́ tí Juliana ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú, ó ń nu omi ojú. Láti ọjọ́ tí Japheth ti lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

"Ẹ mú un lọ, Sister mi," ó ní.

"Rárá. Ìwọ ni kó o máa mú un wá. Ọjọ́bọ̀ ni n kì í ṣiṣẹ́."

Láti ìgbà náà, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí òun náà bá ráyè, Japheth máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tavy Bridge, á jókòó ṣàkíyèsí bí awakọ̀ kò ṣe mọ búrẹ́kì tẹ̀ dáadáa. Ní gáráàjì, ó ti ń gba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n máa ka ìwé tó bá bá ẹ̀rọ wá, bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ ronú kàn án.

Nínú yàrá náà, bí ó bá kan Japheth láti ṣe é, Juliana á máa sọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe rí fún un: ìyá kan wà níbi iṣẹ́ tó ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ti kú pè é, òun Juliana kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun máa jẹ́ orúkọ náà. Japheth á ní kó tún un sọ, á gbọ́ ọ délẹ̀, ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ á sì kú ní stage two.