Ẹfun Èkó àti Amọ̀ Ìkòròdú

Ọdún tí mo wọlé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́ ni mo mọ̀ pé ògiri lásán lè dá ìjà sílẹ̀. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ yàrá kan fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà wà lára àwọn tó sá wá láti Èkó nígbà ogun, láti ìgbà náà kò sì sí ohun tó dára ní Ẹ̀pẹ́ lójú wọn. Omi ibẹ̀ kò dùn, ẹja ibẹ̀ kò lọ́ràá, àfi bí ẹni pé ọ̀sà ọ̀tọ̀ ni ẹja Èkó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Wọ́n ní ẹfun la ó fi kun ògiri náà, kó funfun báláú bíi ti yàrá wọn ní Èkó. Èmi ọmọ Ìkòròdú, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè, ní amọ̀ pupa ẹ̀yìn ilé bàbá mi ló dára jù, pé kì í tètè dọ̀tí. Ọkọ mi, ọlọ́gbọ́n ilé, ní ká fi méjèèjì kun ògiri kan, apá kan funfun, apá kan pupa, kí òun lè wò ó.

Ó wò ó fún odindi oṣù kan. Ó wò ó láàárọ̀, ó wò ó lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ó mi orí bí adájọ́, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Èbúté Ìkòròdú láìdá ẹjọ́ kankan.

Àlejò tó bá fara ti apá funfun á lọ sílé bí ẹni tó yí nínú èlùbọ́. Ẹni tó bá fara ti pupa, wọn á bi í pé ta ló ṣá a lọ́gbẹ́. Nígbàkígbà tí aṣọ bá bàjẹ́, inú ọ̀kan nínú àwa obìnrin méjèèjì á dùn.

Lọ́jọ́ kan tó ku àwa méjì nílé, mo fi ohùn ọmọ rere bi ìyá ọkọ mi bóyá ẹfun yàrá wọn ní Èkó kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ.

“Yàrá ìyálé mi ni,” ni wọ́n wí. “Tèmi, ẹnì kankan kò fi nǹkan kan kùn ún rí. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń wo tirẹ̀.”

Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ burúkú jọ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo fi omi ẹ̀kọ po ẹfun kó lè lẹ̀, mo sì fi àkísà kun gbogbo ògiri náà, títí kan apá tí amọ̀ ilé bàbá mi wà. Ìyá jókòó sórí ẹní, wọ́n ń tọ́ka sí ibi tí mo fò, wọ́n sì ní ọwọ́ mi wúwo.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ mi dé. Ó dúró láàárín yàrá, ó wo ògiri yíká, ó ní òun ti pinnu, pé pupa ló dára jù.

Èmi àti ìyá rẹ̀ wo ara wa.

“Lọ jẹun,” ni ìyá wí fún un.