Ọmọ Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Ọbádáre

Bí ẹ bá ní kí Olúyẹmí Ọbádáre sọ iṣẹ́ tó ń ṣe ní Chicago, iṣẹ́ kejì ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ń gbọ́ bùkátà: ó ń fi kẹ̀kẹ́ ti àwọn aláìsàn láti yàrá wọn dé ibi àyẹ̀wò ní ọsibítù ńlá kan ní Hyde Park. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì ni ayọ̀ rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan, tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀ ní Auburn Gresham, gbà á pé kó máa bá wọn wá àwọn ọmọ iléèwé girama tó mọ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà gbá, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn bí ẹni ń jà sí ogún bàbá. Ẹ má bi í níbi tó ti kọ́ ọ o. Iwájú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, ló ti kọ́ ọ. Odindi ọdún mọ́kànlá ni àwọn bàbá arúgbó tó ń tì kiri fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún un, títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jiyàn, tó sì ń borí wọn.

Lọ́dún yìí, nǹkan le. Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kìíní, Kóòṣì Justin, ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù, ọmọ tí Ọbádáre lè bí dáadáa, pè é wọ ọ́fíìsì.

"Yemi," ó pè é bẹ́ẹ̀ gbàǹgbà, bí ẹni ń pe àbúrò, "kò sí ọmọ gidi nílùú yìí mọ́. Àwọn tó dára, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá ti kó wọn lọ. Àwọn tó kù, ìyá mi lè gbé wọn ṣubú. Ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń wá fún ìlà iwájú. Tí o kò bá rí i títí ọjọ́ Jímọ̀, Texas ni mo máa gbà lọ. A ò sì ní nílò ẹni tó ń wá ọmọ ní Chicago mọ́."

Ọbádáre ní kò sí wàhálà. Irọ́ ni. Wàhálà ń bẹ. Ní ọsibítù, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀, "Transport, yàrá kẹrìnlá!" ni wọ́n ń pariwo. Ṣùgbọ́n lórí pápá, "Coach" ni àwọn ọmọ ń pè é, wọ́n á sì dúró kí wọ́n gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Kò fẹ́ kí ìyẹn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, rárá o.

Ó kiri iléèwé lọ́jọ́ Ajé, ó kiri lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ kan tóbi, ṣùgbọ́n tó bá sáré dé ẹnu géètì, omi ló máa béèrè. Òmíràn ń sáré, áà, ó ń sáré, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Chicago nìkan tó láti gbé e lọ. Ọbádáre padà sídìí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́rú pẹ̀lú ojú tó rẹ̀ wẹ̀sì.

Ọjọ́rú yẹn náà ni Muminat pè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Muminat lókè kẹrin, Edgewater ló ń gbé, obìnrin tí kì í gba ìgbàkugbà. Yìnyín ti mú kí wọ́n ti iléèwé, ọmọ rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì láti gbé oúnjẹ tó gbàgbé sílé wá fún un.

"Zulkifli, ó yá, kí bàbá."

Ọbádáre gbójú sókè, ó tún gbé e sókè sí i. Ọmọ náà ga tó ilẹ̀kùn, ó sì fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ó rọra gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, àyà kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sir."

Yéè! Eden, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà tó wà nídìí tábìlì, rò pé ọkàn ọmọ náà ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ó tẹ aago pàjáwìrì. Èèyàn mẹ́rin sáré yọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ oògùn, ọ̀kan ti ń fa ìbọ̀wọ́ wọ̀. Kí wọ́n tó dé, Zulkifli ti dìde. Kò fi orúnkún ti ilẹ̀, kò fọwọ́ ti ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló fò dìde, tó dúró, tó ń wojú wọn pé kí ló dé.

Muminat ń bẹ àwọn èèyàn náà, ó ń ṣàlàyé pé kíkí ni ọmọ òun ń kí àgbà, pé ara rẹ̀ le. Ọbádáre ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́rin, tí wọ́n ń kọ́ lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú tí wọ́n ń dìde, kò sí èyí tó dìde bẹ́ẹ̀ rí lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "tún mi kí."

Zulkifli tún dọ̀bálẹ̀, ó tún dìde. Ọbádáre wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

"Ẹ̀gbọ́n!" Muminat ké. "Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì kò tó ni? Àbí ẹ jọba lánàá tí a ò gbọ́?"

"Ipò wo ló ń gbá nínú football?"

"Mi ò gbá football, sir," ni Zulkifli fèsì. "Tuba ni mò ń fọn, fèrè ńlá yẹn, nínú band ti school wa."

Ọbádáre bi í ní iléèwé tó ń lọ. Bó ṣe gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó gbá orí ara rẹ̀ mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí pápá iléèwé yẹn lóṣù Kẹwàá! Ṣùgbọ́n bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá ti lọ ìsinmi ìdajì eré, tí àwọn ọmọ onífèrè ń jáde bọ̀, òun á lọ tò fún kọfí. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè sọ ọ́ síta.

Ó la ọ̀rọ̀ náà yé Muminat, pé òun fẹ́ kí Zulkifli wá gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì òun. Muminat fò sókè. "Láéláé! Orí tí mo fi òróró pa láti kékeré, kí ẹnì kan máa wá kàn án bí àgbò? Ìwé ni Zulkifli máa kà."

"Síkọ́láṣíìpù ń bẹ níbẹ̀."

Muminat gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó ṣí i, ó tún dé e. "Síkọ́láṣíìpù gidi?"

"Mummy, please," Zulkifli bẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Mo kàn fẹ́ try ẹ̀. Everybody kàn ń sọ pé kí n gbé nǹkan fún wọn ni."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. "Ọjọ́ kan péré," ó ní. "Mo sì máa wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pàdé nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Kóòṣì Justin yan Awwal pé kó dojú kọ Zulkifli. Awwal ló lágbára jù nínú ẹgbẹ́, ọdún kẹrin rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n fún Zulkifli kò lọ́jú pọ̀: kó má ṣe jẹ́ kí Awwal kọjá.

Fèrè dún, Awwal rọ́ wá. Zulkifli yẹ̀ fún un. Wọ́n tún un ṣe, ó tún yẹ̀, ó tiẹ̀ tẹrí ba díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ gbà mí o, ọwọ́ ló fi júwe ọ̀nà fún un!

Kóòṣì pa ìwé rẹ̀ dé. "Yemi, ọmọ yìí rọ̀ jù. Ó dìgbà, mo ní ọkọ̀ òfurufú láti wọ̀ lọ́la."

Ọbádáre ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré bá Zulkifli. "Kí ló ṣe ẹ́? Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

"Rárá, sir." Ọmọ náà sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n Awwal ni. Àwọn ló kọ́ mi ní kéú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ṣé mo wá lè máa ti àwọn ni?"

Háà! Ẹ̀rín fẹ́ pa Ọbádáre níbi tó ti fẹ́ sunkún. Kóòṣì ì bá pariwo lé ọmọ yìí lórí títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, kò ní í mọ ohun tó ń ṣe é. Ọbádáre ò tiẹ̀ bá Zulkifli sọ̀rọ̀ mọ́. Awwal ló lọ bá.

"Awwal, o rò pé agbára rẹ lo fi ń kọjá? Ọ̀wọ̀ ni àbúrò rẹ ń bù fún ẹ. Yọ̀ǹda fún un."

Awwal yíjú wo ọmọ tó kọ́ ní álífù. "Zulkifli, mo yọ̀ǹda. Gbé mi ṣubú. Mi ò ní bínú."

"Ẹ ò ní sọ fún Alfa?"

"Mi ò ní sọ."

Ọbádáre bẹ kóòṣì fún ẹ̀ẹ̀kan péré. Fèrè dún. Awwal rọ́ wá. Zulkifli gbá a mú láyà, ó gbé e bí ẹni ń kó fìríìjì wọlé tuntun, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi dé ara ògiri, níbi tí wọ́n to ike omi sí. Omi fọ́n káàkiri. Bàtà Awwal kan bọ́ sọnù. Kó tó mọ ibi tó wà, Zulkifli ti dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun!"

"Allāhu Akbar!" Muminat ló pariwo bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó tètè jókòó, ó tún ìborí rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló pariwo.

Kóòṣì Justin tún ṣí ìwé rẹ̀ tó ti pa dé. Ó wá ní kí wọ́n lọ gbé ìwé síkọ́láṣíìpù wá.

Nígbà tí ìwé dé, Muminat gbé ọwọ́ lé e mọ́lẹ̀. Ọbádáre ló kọjú sí, Yorùbá ló sì sọ. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ọkùnrin yìí. Ẹ̀yin ni mo mọ̀. Ẹ̀yin ni mo máa fa ọmọ mi lé lọ́wọ́, ọdún mẹ́rin gbáko. Ṣé ẹ máa wà níbẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ló kù kó sọ. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, ọ̀rọ̀ á parí. Kóòṣì ò kúkú gbọ́ Yorùbá. Ọbádáre wo Zulkifli. Èèyàn kì í fi irọ́ gba ọmọ ọlọ́mọ.

"Ìyá Zulkifli, mi ò ní parọ́ fún yín. Òní yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ lé mi kúrò. Ọmọ yín ló gbà mí sílẹ̀. Bóyá wọ́n á ṣì nílò mi lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò mọ̀."

Muminat wò ó títí. Ló bá yíjú sí kóòṣì, pẹ̀lú irú òyìnbó tó ń sọ fún dókítà tó bá kọ oògùn tí kò yẹ. Ó ní níbo ló wà nínú ìwé yìí pé Ọ̀gbẹ́ni Ọbádáre ò ní kúrò níbí fún ọdún mẹ́rin? Kóòṣì ní ìwé akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìwé òṣìṣẹ́. Muminat ní kò burú. Ó gbé báàgì rẹ̀.

"Zulkifli, a ti ń lọ."

Ojú ọmọ náà fà ro, ṣùgbọ́n ó lọ mú kóòtù ìyá rẹ̀. Kóòṣì wo ike omi tó wà nílẹ̀. Ó wo Awwal, tó ṣì ń wá bàtà. "Ẹ dúró, ma," ó ní. Ó fa ìwé mìíràn yọ, ó jókòó, ó kọ orúkọ Ọbádáre àti ọdún mẹ́rin sí i, ó sì fọwọ́ sí i.

Omi bọ́ lójú Ọbádáre, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́.

"Ẹ má tíì sunkún o," ni Muminat wí, "ẹ ò tíì gbọ́ iṣẹ́. Ẹ máa rí i pé ó ń jẹun, kì í sì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Tó bá gba C, èmi pẹ̀lú yín ni. Tó bá sì di ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ sí mọ́sálásí."

"Èmi? Díákónì ni mí o!"

"Ṣé díákónì kì í wa ọkọ̀ ni?"

Láti ìgbà tí iléèwé ti wọlé, ọ̀sán Jímọ̀ kan ò tíì yẹ̀. Ọbádáre á páàkì síwájú mọ́sálásí, á tẹ àga ọkọ̀ sẹ́yìn, á máa jẹ ẹ̀pà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan kan gíláàsì rẹ̀, ó ní ṣé kò ní wọlé wá kírun ni. Ọbádáre ní rárá, ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ.

"Ta wá lẹ ń dúró dè?"

Àwọn èèyàn ti ń jáde. Ọbádáre na ọwọ́ sí ẹni tí orí rẹ̀ yọ ju ti gbogbo wọn lọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi ni," ó ní.