Ìjàpá Bàbá Wa àti Ògiri Tí Mi Ò Wó

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó parọ́ mọ́ mi láyé. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, mo sì mọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti kú tán, èèyàn ò sì lè bá òkú dúnàádúrà. Òun nìkan ló ṣẹ́kù, òun náà ló sì ni ohun tí mo fẹ́ rà.

Mo rántí òórùn inú mọ́tò bàbá wa kí n tó rántí àwọ̀ rẹ̀: òórùn bẹntiróòlù, òórùn ìjókòó tí oòrùn ti yan, àti ti obì tí bàbá wa máa ń tọ́jú sí àpò ara ilẹ̀kùn. Ìjàpá ni, mọ́tò kékeré ẹlẹ́yìn róbótó tó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn tó sì fi àyè ẹrù síwájú. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹyin awó. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni Bàbá, kì í ṣe olówó, nítorí náà bí ó bá ti kírun Àsùbáà tán, mọ́tò yẹn ni yóò kọ́kọ́ nù kí ó tó mu ẹ̀kọ. Èmi ni ó kọ́ ní wíwa mọ́tò ṣáájú ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ó ní ẹsẹ̀ mi fúyẹ́. Mo gbéra ga, mi ò ní purọ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo sì ní awò ojú dúdú kan tí mi ò lè fi ríran dáadáa. Bí a bá ń gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà-Ọba kọjá, mo máa ń fọn fèrè níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, kí àwọn tó wà nínú ìsọ̀ lè yọjú wo ọmọbìnrin tó ń wa mọ́tò. Nígbà kan, mo jí kọ́kọ́rọ́ gbé, mo wa mọ́tò náà dé ẹnu-ọ̀nà ilé kí Bàbá tó ká mi mọ́. Ẹ̀rín ló rín, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Ó ní ọjọ́ tí mo bá gba iṣẹ́ olùkọ́, èmi ni n ó máa gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọdún yẹn kan náà, Bàbá lọ kí àwọn ẹbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Kàdúná, ó sì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Ibà dá mi dùbúlẹ̀. Láti orí ẹní tí mo sùn sí ni mo ti gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé mọ́tò jáde ní ọ̀sán, mo sì gbọ́ tó gbé e wọlé lẹ́yìn Mọ̀gáríbì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, imú mọ́tò ti tẹ̀ wọnú lápá ọ̀tún. Òjò ńlá ọ̀sẹ̀ yẹn ti wó igun ògiri ẹnu-ọ̀nà ilé wa, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fara balẹ̀ kọ imú mọ́tò náà sí ibi tó wó gan-an. Nígbà tí Bàbá dé, ńṣe ni ẹ̀gbọ́n mi kàn nawọ́ sí méjèèjì.

“Àbúrò mi ló gbá a mọ́ ògiri,” ló wí. “Mo ní kó má fọwọ́ kàn án.”

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo sunkún, mo ní èmi kọ́, ibà ṣì ń mú mi gbọ̀n bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bàbá kò nà mí. Ó kàn gba kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi sọ pé olè já aago ọwọ́ òun gbà ní Ọjà-Ọba, Bàbá sì ra òmíràn fún un. Èmi pàdánù kọ́kọ́rọ́, òun gba aago tuntun.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Nígbà tó ṣe, Bàbá dárí jì mí. Bí àlejò bá dé, yóò nawọ́ sí mi, yóò ní, “Ẹ wo ọmọ mi tó fi mọ́tò wó ògiri mi,” gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín. Ó dárí ohun tí mi ò ṣe jì mí, ó sì ń dárí rẹ̀ jì mí títí ó fi kú. Mo gba iṣẹ́ olùkọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ. Òjò pa mí lọ, oòrùn pa mí bọ̀. Nígbà tí àwọn àlùfáà pín ogún, mọ́tò náà bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo gbọ́ pé ó fẹ́ tà á. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo sì ní owó díẹ̀ tí mo tọ́jú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ sí. Mo mú mẹkáníìkì kan dání, ọkùnrin tí mo kọ́ ní físíìsì nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí irùngbọ̀n tirẹ̀ náà ti funfun báyìí. Mo sì mú òòfà mi dání, èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí ó ṣe ń fa irin mọ́ra. Ohun tí mo fẹ́ yé mi dáadáa. Mo fẹ́ san iye tó tọ́, kò gbọdọ̀ kéré, kò gbọdọ̀ pọ̀. Bí mo bá san púpọ̀, ó tún rẹ́ mi jẹ nìyẹn. Bí mo bá san díẹ̀, ó ṣe mí lóore, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tí mo ń bínú sí láti ìgbà èwe wá ṣe mí lóore.

Àdúgbò Adéwọlé ni ilé rẹ̀ wà. Mọ́tò náà wà lábẹ́ igi dọ́ńgóyárò lẹ́yìnkùlé, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi jáde sí wa pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

“Tíṣà! Ṣé ọjà lo wá rà ni àbí ìdánwò lo gbé wá?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wo ọjà ná.”

“Mílíọ̀nù méjì. Àwọn ọmọ Èkó tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe ń wá irú rẹ̀ bí ẹni ń wá omi Sámúsámù.”

Mẹkáníìkì ṣí ẹ̀yìn mọ́tò. Adìyẹ kan fò jáde, ó ń pariwo. “Àlàájì, ẹ́ńjìnnì yín ti ń yé ẹyin o.”

“Adìyẹ wà nínú owó náà,” ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòfà kan ara mọ́tò náà díẹ̀díẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ òrùlé, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Nígbà tí mo gbé e dé imú lápá ọ̀tún, ó já bọ́ sílẹ̀. Mo mú un, mo tún gbé e lé e, ó tún já bọ́. Mẹkáníìkì fi ìka kan ibẹ̀.

“Pọ́tì tí wọ́n fi ń rẹ́ ara mọ́tò ni wọ́n fi dí ibí, Ìyá Tíṣà, kì í ṣe irin. Owó mọ́tò yìí wà lọ́wọ́ ohun tó gbá. Tó bá jẹ́ ògiri, egungun iwájú á ti yẹ̀. A máa gé e ni, a ó wá òmíràn, ìnáwó ńlá sì ni. Tó bá jẹ́ nǹkan tó rọ̀, awọ lásán ló tẹ̀.”

Mi ò tíì rò ó tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn lójijì bí ẹni tó bá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù nínú àpò aṣọ tó ti gbàgbé. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá jẹ́ ògiri ló gbá, ìdajì mílíọ̀nù ni n ó san. Bí kì í bá ṣe ògiri, n ó san mílíọ̀nù kan. Ẹ̀yin lẹ ó sọ èyí tó jẹ́.”

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo mẹkáníìkì, ó wo adìyẹ, ó wo ibi gbogbo àfi ojú mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó lè bá alátà jà nítorí ata mẹ́ta ni. Mo ti ń gbọ́ òótọ́ náà létí ọkàn mi.

“Ṣé o ti gbàgbé ni?” ló wí níkẹyìn. “Ìwọ lo gbá a mọ́ ògiri.”

“Ìdajì mílíọ̀nù nìyẹn o.”

“Ìdajì náà ni. Gbé e.”

Mẹkáníìkì ń yìn mí lọ́nà ilé pé mo mọ ọjà ná. Mo ra mọ́tò lówó pọ́ọ́kú, inú mi sì bàjẹ́ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Tíṣà àgbà gbé ìdánwò kalẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ kùnà, ó sì sanwó kí ó lè kùnà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn ò sọ ni pé òótọ́ lè wà lábẹ́ pọ́tì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mẹkáníìkì ránṣẹ́ pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó ti ha gbogbo pọ́tì náà kúrò. Ó gbé okùn láti apá kan iwájú mọ́tò dé èkejì, ó ní kí n fojú ara mi wò ó. Egungun iwájú rẹ̀ tọ́ bíi rúlà.

“Ìyá Tíṣà, ògiri kọ́ ló gbá mọ́tò yìí, wàláhì. Nǹkan tó ga ló gbá, ó sì rọ̀. Nǹkan ẹlẹ́ran ara ni.”

Ó yẹ kí n yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, ẹlẹ́ran ara, bá mi dé ilé, ó bá mi jókòó ti oúnjẹ. Mo ti ń rò láti ìgbà yìí wá pé èmi ni irọ́ náà dojú kọ. Mi ò rò ó rí pé ó lè jẹ́ pé èmi kọ́ ni ẹni tí ó ṣe ní ibi jù. Kí ló lè mú ahun bí ẹ̀gbọ́n mi ju ìdajì mílíọ̀nù nù nítorí ògiri amọ̀ kan? Bí ẹnì kan bá wà nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Bí ọmọ ẹnì kan bá jáde nílé tí kò padà sílé ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbé e yẹ̀ wò, tí mo ń ṣàdúrà pé kí ẹni tí mo ti ń bá ṣọ̀tá má jẹ̀bi ju bí mo ṣe fẹ́ kó jẹ̀bi lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni pé bí kì í bá ṣe ògiri, mílíọ̀nù kan ni. Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, mo gbé ìdajì tó kù lọ sí Adéwọlé, mo gbé e ka orí ẹní níwájú rẹ̀.

“Kí lèyí?”

“Ìdajì tó kù. Kì í ṣe ògiri.”

Kò fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, mo sì rí i pé àgbàlagbà ni, bí èmi náà ṣe jẹ́. Mo bá rẹ ohùn mi sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bèèrè nítorí ara mi mọ́. Ṣé èèyàn ni?”

Kí n tó kọ ohun tó fi dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí báyìí, nítorí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó pẹ́ tí mo ti ń dúró dè é. Mọ́tò náà ti jáde. Ó gba ọdún kan ó lé, ó sì jẹ owó ju iye tí mo rà á lọ, mi ò kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Àwọ̀ ẹyin awó ni mo ní kí wọ́n kùn ún. Mo fi obì sí àpò ara ilẹ̀kùn. Bí mo bá ń gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà-Ọba kọjá ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á yà fún mi, wọ́n á máa júwọ́, mo sì máa ń fọn fèrè níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé e dé iwájú ilé wa àtijọ́. Símẹ́ǹtì ni wọ́n ti fi mọ ògiri ẹnu-ọ̀nà náà báyìí. N ó kọ imú mọ́tò sí i, n ó pa ẹ́ńjìnnì, n ó sì jókòó sínú òórùn obì náà. Bàbá ò sí láyé kó lè gbọ́. Mo máa ń sọ òótọ́ náà fún un bẹ́ẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Mi ò lè sọ pé mo ti dárí ji ẹ̀gbọ́n mi. Mo lè sọ pé mo san iye tó tọ́. Òun náà mọ̀ pé iye tó tọ́ ni, nítorí ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì níwájú mi. Ṣùgbọ́n kó tó kà á, ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, ibi tí aago máa ń wà, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́:

“Màálù ni. Màálù funfun kan, lọ́nà Òkè-Oyi. Aago mi àkọ́kọ́, èyí tí mo ní olè já gbà, ni mo bọ́ fún ẹni tó ni ín. Ibà ń ṣe ọ́ lọ́jọ́ náà, orí ẹní lo wà. Ìwọ ò sí níbẹ̀ rárá.”